Ohun Tí Mo Fi Kún Un

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì

Lẹ́tà dé láti ilé ìwé nítorí Aago, àbúrò mi ọkùnrin. Abẹ́rẹ́ mẹ́fà ló wà lẹ́nu Màmá nígbà tó ń kà á, kò sì yọ ìkankan. Ó kà á tán, ó tún un kà, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Mo dúró kó lọ wẹ̀, mo fa lẹ́tà náà yọ.

Wọ́n ní láàárín oṣù méjì, àbúrò mi ti ju àga lu fèrèsé, ó ti bu tíṣà rẹ̀ jẹ, ó sì ti sá jáde ní kíláàsì lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìpàdé máa wà ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Bí kò bá sí àyípadà kó tó dìgbà yẹn, wọn ò ní gbà á mọ́, wọ́n á kọ̀wé pé kí wọ́n mú un lọ sí Ilé Àbójútó.

Mo ti rí fọ́tò Ilé Àbójútó rí. Géètì rẹ̀ kan ọ̀run. Ó dáa, ó ga ju òrùlé wa lọ díẹ̀. Ìrìn wákàtí mẹ́fà ni, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń wálé. Aago tí kì í sùn bí mi ò bá tíì sọ fún un pé "ó dọ̀la ní aago mẹ́fà ààbọ̀"! Ta ló máa sọ ọ́ fún un níbẹ̀?

Bàbá wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú tírélà, ó di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún un lórí fóònù, kó má lọ máa ronú nídìí ọkọ̀.

Abẹ́ àpò èékù aṣọ ni mo ń fi ìwé yìí pa mọ́ sí. Tí o bá rí i, tí o sì ń kà á, kí ọwọ́ rẹ wú bí ẹsẹ̀ erin.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

A lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Onígíláàsì ló ń rí sí Aago láti ọmọ ọdún mẹ́ta, ìgbà tí dókítà sọ pé ọ́tísíìmù ló ní, pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tirẹ̀. Gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, àmọ́ kò sí ohun tí kì í rí. Ó fún wa ní ìwé kan aláwọ̀ ewé, ó fi rúlà fa ìlà méjì sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Apá kìíní, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Apá kejì, ohun tí Aago ṣe. Apá kẹta, ohun tó tẹ̀ lé e.

"Aago kì í sọ ohun tó ń ṣe é," Nọ́ọ̀sì wí. "Ìbínú yẹn ló ń bá a sọ ọ́. A ní láti mọ ohun tó ń wá ṣáájú rẹ̀. Ta ló máa kọ ọ́?"

Màmá ní ọgọ́fà aṣọ iṣẹ́ láti rán. Mo nawọ́.

"Ìwọ kẹ̀?" Màmá kọjú sí Nọ́ọ̀sì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún Àsọdùn yìí o. Ó rí ológbò lẹ́yìnkùlé wa lánàá, ó wá bá mi pé kìnnìún ló wọlé."

"Màmá, ó tóbi!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ohun tí ojú ẹ bá rí ni kó o kọ. Kí ni mo wí?"

"Ohun tí ojú mi bá rí, mà."

Aago wo ògiri, aago kankan ò sí níbẹ̀. "Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún," ó wí. Òótọ́ ni.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Aago bù mí jẹ.

Ó ń jẹ búrẹ́dì lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ṣàdédé dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, pàá! Mo di ọwọ́ náà mú kó má gbá a mọ́. Ó sì gbé ẹnu lé apá mi. Igbe tí mo ké, Ṣúmékà tó ń ṣe bàtà lódìkejì títì sáré wọlé pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, ó rò pé olè ni.

Màmá sáré bọ́ sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ta ló kọ́kọ́ gbá mú? Aago. "Ọkọ mi, kí ló dé? Kí ni wọ́n fi ṣe ẹ́?" Ìgbà tó ti fi orí rẹ̀ lé àyà tán ló tó wá béèrè pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé ó ṣẹ̀jẹ̀?"

Kò ṣẹ̀jẹ̀. Awọ ò tiẹ̀ là. Àmì eyín ló kàn tò yíká bí bọ́tìnì pupa kéékèèké, ó sì ti parẹ́ kó tó di àṣálẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ sínú ìwé aláwọ̀ ewé ni: "Ṣáájú: kò sí nǹkan kan, ó kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ni. Ohun tó ṣe: ó bù mí jẹ títí eyín rẹ̀ fi kan egungun. Lẹ́yìn náà: ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ, èèyàn mẹ́ta ló já a kúrò lára mi."

Ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ láti orí búrẹ́dì, ta ló máa kà á? Bí Nọ́ọ̀sì bá sì ka tèmi yìí, bóyá ẹnì kan á wá béèrè apá mi.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Òwú dúdú ti gbówó lórí lẹ́ẹ̀kan sí i. Màmá kígbe mọ́ olówùú náà, ó ní ṣé irun orí rẹ̀ ló fi ń ṣe é ni.

Èmi àti Aago to bọ́tìnì inú agolo láti àárọ̀. Funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, olójú mẹ́rin lọ́tọ̀. Ó jẹ́ kí n gé èékánná rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá! Ìṣẹ́gun ńlá nìyẹn. Nígbà tó kọjá, a gé mẹ́ta, a sá.

Kò jẹ ẹ̀yìn búrẹ́dì mọ́, inú rẹ̀ nìkan ló ń yọ jẹ, bí eku. Mo bá a jẹ ìyókù.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọ́n ránṣẹ́ wá pè mí ní kíláàsì lẹ́yìn àkókò oúnjẹ. Aago wà lábẹ́ tábìlì, ó ń fi orí lu ẹsẹ̀ tábìlì, tíṣà rẹ̀ sì dúró sẹ́bàá ògiri, ó di apá ara rẹ̀ mú. Àwọn ọmọ kíláàsì ń wò láti ojú fèrèsé. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀gbọ́n wèrè ti dé." Mo fojú gún un.

Mo wọ abẹ́ tábìlì lọ bá a. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo kàn ń sọ pé, "Aago kan, aago kan kọjá ìṣẹ́jú kan, aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjì," títí ó fi bá mi kà á. Ó di ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ pupa níbi tó ti ń gbá a.

Nínú ìwé: "Tíṣà márùn-ún ò lè dì í mú. Ó fẹ́ wó ilé ìwé."

Kò sẹ́ni tó dì í mú. Tíṣà kan ni, òun náà ń bẹ̀rù.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Aago mu ife omi tútù kan, ó ju ife náà, ó pariwo títí di aago márùn-ún. Ẹ̀rù bà mí, mo ti ara mi mọ́ ilé ìwẹ̀.

Mo kọ "láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀". Wákàtí kan ààbọ̀ ni.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Aago sá lọ.

Mo ní kó dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n mú bàtà mi. Mo jáde, kò sí níbẹ̀. Òfìfo lásán. Bí èèyàn bá lè kú lórí ìdúró, mo ti kú lẹ́ẹ̀mejì kí Màmá tó bọ́ síta. Ó jáde pẹ̀lú okùn ìwọn aṣọ lọ́rùn àti bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó gba apá òkè, mo gba apá ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ń kọjá, mo sì ń wo abẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí mo ń rò.

Ogójì ìṣẹ́jú la fi wá a. A ò mọ̀ pé títì kan péré ló kọjá. Inú ìsọ̀ Ṣúmékà ló wà, lẹ́yìn òkìtì awọ, ó jókòó sílẹ̀. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé irin onírìísí ẹsẹ̀ tí Ṣúmékà fi ń kan bàtà, ó di ojú.

"Mo lọ ra ìṣó," Ṣúmékà ń ṣàlàyé, "mo dé, mo bá àlejò. Mo ní kó dìde, kò dáhùn. Ìyàwó mi, wo ọmọ yìí, ó ti sọ irin mi di ìrọ̀rí!"

"Èmi kọ́ ni ìyàwó yín," mo wí, mo wá bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn. Ìtìjú ayé mi.

Màmá jókòó sílẹ̀ nínú eruku. Aago ò ṣí ojú. "Ó tutù," ó wí. "Ó tutù, ó tutù."


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Màmá ti fún Ọ̀gá ilé ìwé ní ìwé aláwọ̀ ewé. Wọ́n béèrè rẹ̀ ni, kí wọ́n lè múra ìpàdé. Ó gbé e fún wọn tayọ̀tayọ̀, kò tiẹ̀ ṣí i wò. Ó ní, "Wọ́n á rí i pé à ń gbìyànjú."

Nọ́ọ̀sì nìkan ni mo kọ ọ́ fún, ó sì ti kà á lọ́sẹ̀ tó kọjá! Nọ́ọ̀sì mọ Aago. Ọ̀gá ilé ìwé ò mọ nǹkan kan yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọ̀gá ilé ìwé pè mí sí ọ́fíìsì. Ohùn rẹ̀ kì í ga rárá. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà.

Ìwé aláwọ̀ ewé wà lórí tábìlì. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi káàkiri. Ó kà á sókè, ó rọra ń kà á: "Títí eyín rẹ̀ fi kan egungun."

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí?"

Apá mi wà lábẹ́ ẹ̀wù. Kò sí àpá kankan níbẹ̀. Kí n kàn ká a sókè, ó parí. Ṣùgbọ́n mo rí ara mi lójú àánú tó fi ń wò mí, kò sì sẹ́ni tó tíì fi irú ojú yẹn wò mí rí. Mo tún rò ó pé bí mo bá ní irọ́ ni, wọ́n á lé èmi náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo wí.

"Pẹ̀lẹ́," ó wí. "Ọmọdé ò yẹ kó máa ru irú ẹrù yìí. A máa gbé e kúrò lórí yín."

Mo dé ìta, mo bì.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìwé àwọn ohun tí ọmọ máa mú wọ Ilé Àbójútó ti dé. Ìpàdé ò tíì wáyé, wọ́n ti fi ìwé ohun èlò ránṣẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. Ṣòkòtò mẹ́rin. Kí wọ́n rán orúkọ ọmọ mọ́ gbogbo rẹ̀ lára.

Màmá ti aṣọ iṣẹ́ àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gé ríbọ́ọ̀nù funfun, ó fi òwú aláwọ̀ aró kọ orúkọ Aago sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bíńtín bíńtín, ó sì ń fi ọwọ́ rán an mọ́ ẹ̀yìn ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó lè fi ẹ̀rọ rán ọgọ́fà aṣọ!

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò fi ẹ̀rọ rán an?"

"Tí mo bá fi ẹ̀rọ rán an, ó máa tètè tán," ó wí.

Aago jókòó sẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń ka lẹ́tà orúkọ ara rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé ẹ̀bùn ni.

Mi ò lè jẹun. Òótọ́ ni mo sọ yìí, mi ò fi nǹkan kan kún un.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ogún

Mo gbèrò ẹgbẹ̀rún ọ̀nà. Kí n jí ìwé aláwọ̀ ewé náà. Kí n dáná sun ọ́fíìsì. Kí èmi àti Aago wọ tírélà Bàbá. Gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú ìwé tuntun, mo fa ìlà méjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òótọ́. Inú ìwé ìkọ̀kọ̀ mi yìí ni mo ti ń wá a, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo ń parọ́ fún ara mi. Ọjọ́ karùn-ún: búrẹ́dì. Ọjọ́ keje: kò jẹ ẹ̀yìn búrẹ́dì mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án: lẹ́yìn àkókò oúnjẹ. Ọjọ́ kọkànlá: omi tútù. Ọjọ́ kẹtàlá: ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí irin.

Mo tò wọ́n bí bọ́tìnì. Mo wò wọ́n. Ibi kan náà ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí: ẹnu rẹ̀.

Nínú ìwé tí mo gbé fún Nọ́ọ̀sì, "kò sí nǹkan kan" ni mo kọ sí apá kìíní láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nǹkan ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Èmi ló pa á rẹ́.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Báwo lo ṣe fẹ́ wo ẹnu Aago? Ìgbà tí dókítà gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan, igi tí wọ́n fi tẹ ahọ́n ló jẹ. Mo ń wo apá mi, mo ń bi í pé ṣé ó ti ṣe tán.

Mo gbé dígí ìwọṣọ Màmá sílẹ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo la ẹnu tèmi, mo ń fi ìka kan eyín mi, mo ń kà. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Kò sí ohun tí Aago lè rí kí wọ́n máa kà á kó má dá sí i. Ó wá jókòó tì mí. Ó la ẹnu.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ó ń fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wá. Ọ̀kànlá. Èjìlá. Ìka rẹ̀ gbéra, ó fò, ó bọ́ sórí èyí tó kẹ́yìn. "Ẹ̀rìnlá."

Ọmọ tó jẹ́ pé bí o bá fo ìṣẹ́jú kan, ó máa ní kó o padà sẹ́yìn.

"Aago, ẹ̀tàlá ńkọ́?"

Ó pa ẹnu dé. Ó wò mí ojú kojú, ohun tí kì í ṣe. Omi lé sí i lójú. "Kò sí ẹ̀tàlá," ó wí. "Kò sí. Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹ̀tàlá."


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo sọ fún Màmá. "Eyín ló ń dùn ún. Kì í ṣe ìbínú. Eyín ni!"

Kò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí abẹ́rẹ́. "Lọ́jọ́sí, o ní ó ń wó ilé ìwé. Lọ́sẹ̀ yìí, eyín. Àsọdùn, ó rẹ̀ mí."

"Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín..."

"Èwo ni kí n gbà nínú ọ̀rọ̀ rẹ? Sọ fún mi. Èwo?"

Mo ká apá ẹ̀wù mi. Mo nà án síwájú rẹ̀.

"Kí ni mò ń wò?"

"Ibi tí ó ti bù mí jẹ. Tí mo ní ó kan egungun."

Ó di apá náà mú. Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa á lára, bó ṣe máa ń pa aṣọ lára láti mọ̀ bóyá ó dáa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn. Tíṣà márùn-ún. Ọ́fíìsì Ọ̀gá, àti "bẹ́ẹ̀ ni, mà" tí mo sọ níbẹ̀. Mo dúró de ìgbájú. Mo tiẹ̀ ti di ojú.

Kò gbá mi. Ì bá sàn kó gbá mi. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lórí itan rẹ̀.

"Mo ti rán orúkọ mọ́ mẹ́rin," ó wí.

Ó wá ní, "Torí kí ni?"

"Òun lẹ kọ́kọ́ máa ń gbá mú." Mi ò mọ̀ pé mo máa sọ ọ́.

Ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní, "Ìwọ lè sọ̀rọ̀. Mo rò pé tí nǹkan bá ṣe ẹ́, wàá sọ." Ó wá fi ọwọ́ kan náà fa orí mi mọ́ra, ìka rẹ̀ ń run òróró ẹ̀rọ. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí Aago fi ní aago méje ti lù, oúnjẹ dà?


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo jẹ́wọ́ fún Nọ́ọ̀sì. Ó ka ìwé tuntun náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Èmi náà jẹ̀bi," ó wí fún Màmá. "Mo rí 'kò sí nǹkan kan' léraléra, mo gbà á. Ó yẹ kí n ti wo ẹnu rẹ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Mo ti ń ronú láti bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn tó máa mú un dákẹ́. Ṣé o mọ ìyẹn?"

Mi ò mọ̀. Tó bá dákẹ́, eyín á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, a ò sì ní mọ̀ láé.

Dókítà eyín máa rí i lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an sì ni ìpàdé. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn ìrora tí a máa lò títí dìgbà náà, ó sì fún wa ní àwòrán mẹ́fà: ẹnu ọ̀nà, àga, iná, ọkùnrin oníbòòjú, oorun, ilé. Ká máa fi hàn án ní aago kan náà lójoojúmọ́.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọjọ́ kẹta rèé pẹ̀lú oògùn ìrora. Kò gbá ara rẹ̀. Kò ju nǹkan. Mò ń bẹ̀rù láti yọ̀.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ilé dókítà eyín ń rùn bí ìgbà tí wọ́n fi oògùn fọ ayé. Aago dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní ẹnu ọ̀nà inú àwòrán aláwọ̀ aró ni, èyí funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì síwá sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ń ga sókè. Àwọn tó jókòó ń wò wá. Mo mọ ohun tó kù: ìṣẹ́jú kan, ó máa sá, títì sì wà lẹ́yìn wa. Màmá di ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn mú.

Mo yọ àwòrán náà àti bírò. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: "Ẹnu ọ̀nà funfun." Mo fi hàn án. "A ti tún un ṣe."

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wọlé.

Wọ́n fún un ní oògùn oorun. Nígbà tí dókítà máa fi jáde, ó ti yọ eyín náà, ó ti bọ́ ìbòòjú rẹ̀, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọmọ yìí ti ń fara da nǹkan yìí? Ìdí eyín náà kún fún ọyún. Ká ní àgbàlagbà ni, á ti máa wó ògiri."

Màmá yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó gbé eyín náà wálé nínú èékù aṣọ funfun.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìpàdé. Ọ̀gá, tíṣà Aago, Nọ́ọ̀sì, Màmá, àti èmi tí wọn ò pè. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tó máa pa gbogbo wọn lẹ́kún. Mi ò lo ìkankan nínú rẹ̀. Mo kàn ká apá ẹ̀wù mi.

"Ẹ bi mí bóyá bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, mà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni."

Mo ka ìwé tuntun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ọjọ́ kẹsàn-án, mo ní, "Tíṣà kan ni, kì í ṣe márùn-ún. Kò dì í mú, nítorí ó ń bẹ̀rù." Tíṣà tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe."

Ọ̀gá gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ẹni kan náà ló kọ wọ́n," ó wí jẹ́jẹ́. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìtàn?"

Ìgbà náà ni Màmá tú èékù aṣọ, ó sì gbé eyín náà sórí ìwé aláwọ̀ ewé.

"Èyí ò mọ ìtàn án pa, mà," ó wí.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má rò pé gbogbo nǹkan ti tán. Ariwo á ṣì máa le e, àyípadà òjijì á ṣì máa bà á lẹ́rù, ọ́tísíìmù rẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n ìbunijẹ àti sísá lọ yẹn, ìrora ló wà nídìí wọn. Òun máa wá kọ́ àwọn tíṣà ní ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ọ̀gá ronú. Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìdajì ọjọ́ ni Aago á máa lò. Èmi ni n óò máa kọ ìwé, tíṣà á sì máa fọwọ́ sí i lójoojúmọ́ kó tó kúrò ní kíláàsì. Ìwé Ilé Àbójútó wà lórí tábìlì. Kò ya á. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé e sínú rẹ̀, ó tì í pa. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ dé ilé.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù tuntun

Ohun tí mo kọ lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Mo ń kọ ọ́ síbí náà kó lè wà níbi méjì.

Ọjọ́rú. Ṣáájú: agogo ilé ìwé lù nítòsí etí rẹ̀. Ohun tó ṣe: ó ti àga kan ṣubú, ó fọwọ́ di etí. Lẹ́yìn náà: ó ka bọ́tìnì dé ogójì, ó gbé àga náà dìde. Tíṣà fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ kọ "ọgọ́rùn-ún", mo kọ "ogójì".

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí agogo náà bá fẹ́ lù. Èmi náà ti ń mọ aago láìwo ohunkóhun.

Nígbà tí mo dé láti ilé ìwé, Màmá mú ọ̀kan nínú ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. Ó fi ẹnu abẹ́ tú òwú aláwọ̀ aró kúrò lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó ń tú u lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan, ó ní ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin Ọ̀gá á fi pé. Aago bínú pé wọ́n ń ba orúkọ òun jẹ́, ó sì kó gbogbo òwú náà sínú agolo bọ́tìnì.

Ó ku ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta ni.